Ìdánwò Tí Mo Ṣe Láìdé Ẹ̀pẹ́

Ìgbéraga ló ṣe mí, kì í ṣe àìmọ̀kan. Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn aládàáni kan tó ní ẹ̀ka ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sáfà Ẹ̀pẹ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà nínú rẹ̀, ni ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá pé àwọn èèyàn ń pẹ́ lórí ìlà kí wọ́n tó rí fáìlì wọn.

Màmá kan ló ń bá wọn wá fáìlì níbẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ tuntun yìí ò yá bíi ti àtijọ́ o. Jọ̀ọ́, wá wò ó."

"Màmá, ẹ fara balẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n lò," ni mo wí, mo sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ jìn, ihò kún un, ara mi ò gbà á.

Mo da àkọsílẹ̀ wọn sórí sáfà àtijọ́ tí a yọ àti òmíràn tó jẹ́ irú tuntun náà, ní ọ́fíìsì mi ní Agric, ní Ìkòròdú. Mo ń fi orúkọ wá èèyàn lórí méjèèjì, mo sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Odindi ọjọ́ méjì. Tuntun ló ń yára jù ní gbogbo ìgbà. Mo bá kọ̀wé sí ọ̀gá pé ẹ̀rọ ò ní àléébù, ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló wúwo. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ní kí màmá máa lọ sílé.

Ọmọge tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́ náà ni, ó kàwé kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Síbẹ̀ ìlà ò kúrú. Ìgbà yẹn ni mo tó gbéra lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo jókòó tì í. Bàbá kan dé, ó dárúkọ ara rẹ̀.

"Agboolé yín ńkọ́, bàbá?" ni ọmọge bi í.

Mo ní kí ló dé tí kò kàn fi orúkọ wá a. Ó ní àìmọye bàbá ló ń jẹ́ orúkọ mùsùlùmí yẹn nílùú, tí orúkọ baba wọn pàápàá jọra. Agboolé ni àwọn fi ń dá wọn mọ̀. Ó tẹ agboolé náà. A jókòó, à ń wojú ẹ̀rọ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Sáfà àtijọ́ ní atọ́ka agboolé, bí èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò nígbà tí a ń pààrọ̀ ẹ̀rọ, mo ní ta ló tún ń fi agboolé wá èèyàn láyé òde òní. Àìrìn jìnnà ni kò jẹ́ kí n rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo dá atọ́ka padà, fáìlì bàbá sì yọ lójú ẹsẹ̀. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá pé mo ti tún sáfà ṣe.

Mo lọ sílé màmá. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ṣé wọn ò pẹ́ lórí ìlà mọ́?"

"Wọn ò pẹ́ mọ́, mà."

"Alhamdulilahi. Ṣé o ti sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi?"

Mo ti kọ ọ́ pé mo tún sáfà ṣe. N kò kọ ẹni tó bà á jẹ́. Ojú tì mí débi pé mo sunkún níwájú rẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé aṣọ mi ń dọ̀tí.

Mo kọ òótọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹnì kan sì ti wà lórí rẹ̀.