Oríkì Mi Lórí Kọ̀ǹpútà

Lọ́jọ́ tí mo dé họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Houston, àgádágodo ni mo kọ́kọ́ fi sí kọ́bọ́ọ̀dù mi, nítorí ọmọ òyìnbó tí wọ́n pín mọ́ mi nínú yàrá. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kìlọ̀ fún wa pé ká má fi ọjọ́ ìbí tàbí orúkọ ajá ṣe páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà wa. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Oríkì tí màmá mi fi ń kí mi ni mo fi ṣe tèmi. Òyìnbó wo ló máa mọ ìyẹn? Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Mo ní ohun tí mò ń fi pamọ́. SS ni ẹ̀jẹ̀ mi. Àfẹ́sọ́nà mi, tó jẹ́ AS, kò tíì mọ̀. Mo kọ ọ́ nínú ímeèlì sí ẹ̀gbọ́n mi ní London pé Sátidé ni màá sọ fún un. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí n sì máa wo ojú ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Ìbàdàn kan wà ní yàrá kejì sí tiwa. Kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ìkòkò mi ló ti ń jẹun. Bí màmá mi bá pè láti ilé, a máa ń gbé fóònù sórí sípíkà, wọ́n á kì mí, òun náà á máa gbè é. Ta ló ń tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìyá ẹ̀?

Lọ́jọ́bọ̀, ìyá àfẹ́sọ́nà mi wakọ̀ wá láti Alief, àdúgbò tí wọ́n ń gbé ní Houston. Wọn ò jókòó.

"Ọmọ mi, mi ò bínú sí ẹ," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mo ti sin ọmọ kan nítorí crisis. Mi ò lè sin ọmọ-ọmọ."

"Ṣé ó ti mọ̀, mà?"

"Àná la sọ fún un. Ó ṣì ń sunkún."

Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àwọn àti ọmọ Ìbàdàn yìí ń lọ. Mo lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

"Sista mi, I'm sorry. Assignment mi ni mo fẹ́ tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹ, ó ní kí n fi password sí i. Oríkì ẹ ni mo kọ́kọ́ try, it just opened. Mo rí ímeèlì tó o kọ sí ẹ̀gbọ́n ẹ, mo sì sọ fún màmá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ire ni mo rò pé mò ń ṣe."

Inú bí mi, mo padà sí yàrá mi. Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ọmọ òyìnbó tí mò ń ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ló bu omi fún mi mu, kò sì béèrè nǹkan kan.

Ní Sọ́ńdè, màmá mi pè. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn mi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oríkì yẹn pè mí mọ́."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?" ni wọ́n béèrè.

Mi ò lè ṣàlàyé. Títí wọ́n fi kú, orúkọ inú páspọ́ọ̀tù mi ni wọ́n fi ń pè mí.