Orúnkún Ọ̀tún Ọmọ Mi

Mo rántí ìgbà tí òórùn ìpara gbígbóná gba gbogbo ilé wa ní Rumuola, ní Port Harcourt, débi pé àwọn oníbàárà tó ń rán aṣọ lọ́dọ̀ mi máa ń béèrè ta ló ń ṣàìsàn. Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Ọmọbìnrin mi ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọdún 1999 ló bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, láàárín àwọn ọmọkùnrin àdúgbò, nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo rán aṣọ olódòdó fún un kó lè rántí pé obìnrin ni òun. Ó ká méjì nínú wọn jọ, ó fi wọ́n ṣe òpó góòlù.

Bó ṣe ń dàgbà, ẹ̀rù mi ń dàgbà. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Rumuokoro, màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pẹ̀lú omi àti bándéèjì. N kì í wo bọ́ọ̀lù rárá, ẹsẹ̀ ọmọ mi ni mo máa ń wò. Obìnrin Ikwerre kan, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, tó ń ta bọ̀ọ̀lì níbẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Madam, na you dey play abi na your pikin?”

Nígbà tó yá, wọ́n pè é sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin orílẹ̀-èdè wa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà kí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ tó yẹ̀. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ní kò gbọdọ̀ fi orúnkún náà kanlẹ̀ títí òun yóò fi sọ pé ó ti tó. Lójú tèmi, bọ́ọ̀lù parí nìyẹn. Lójú tirẹ̀, kò parí. “Mọ́mì, I go play again,” ló ń wí láràárọ̀, bí ẹni ń gbàdúrà.

Ọ̀rọ̀ mi kò wọ̀ ọ́ létí mọ́. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí omi pẹ̀lú àwọn tó ń wa epo, ó sì ti sọ fún mi pé ibi tí ẹ̀gbọ́n òun bá fàbọ̀ sí ni òun náà wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ni àgbà gbogbo ẹbí wa ní Port Harcourt. Mo lọ bá a ní Rumuibekwe láìsọ fún ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fòfin de bọ́ọ̀lù. Inú rẹ̀ dùn. “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́,” ló wí. “Mú un wá lọ́jọ́ Àìkú.”

A dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ mi fọwọ́ ti ògiri, ó tẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán sà.” Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wò ó títí.

“Bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kí àgbà nìyẹn? Bọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ di ọkùnrin. Kúnlẹ̀ kí o kí mi, kí n tó bá ọ sọ̀rọ̀.”

Mo retí pé ọmọ mi yóò ṣàlàyé. Olórí kunkun ni, kò ṣàlàyé. Ó di apá àga mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, mo sì rí i bí ìrora ṣe fún ojú rẹ̀ pọ̀. Kí n tó ronú, ọwọ́ mi ti gbá a mú lábíyá.

“Má kúnlẹ̀,” mo wí.

“Ìyàwó, kí lo sọ?”

“Mo ní kó má kúnlẹ̀, sà. Dókítà ò gbà á láyè.”

“Níwájú mi?”

“Níwájú ọba pàápàá, sà.” Mo fi orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ lórí táìlì. “Èmi nìyí. Mo kí yín fún èmi, mo kí yín fún òun.”

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Ẹsẹ̀ tí kò lè kúnlẹ̀ ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù? Ṣebí ìwọ lo wá bẹ̀ mí pé kí n dá a dúró.”

Ọmọ mi yíjú sí mi. “Mọ́mì, na you?”

“Èmi ni,” mo dá a lóhùn. “Mo ti yí èrò mi padà.” Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. “Bí orúnkún yìí bá san, sà, yóò gbá bọ́ọ̀lù.”

“Tó bá tún yẹ̀, má wá sílé mi.”

“Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, sà. Màá pọ̀n ọ́n.”

A jáde. Ọkọ mi bínú fún ìgbà pípẹ́, àwọn ará ilé rẹ̀ kan kò sì kí mi mọ́. N kò lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Orúnkún san, ọmọ mi padà sí ẹgbẹ́, ó wọ aṣọ Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Kò sí ọjọ́ kan tí àyà mi kò já.

Lọ́dún tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù, ó ní òun ti gbá bọ́ọ̀lù tó, òun fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, orúnkún náà ṣì máa ń dùn ún, àwọn kan sì ń bi mí bóyá n kò kábàámọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ bi ẹni tó ni orúnkún. Òun ló sọ pé ó tó. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́, èmi náà kọ́.