Ọdún Mọ́kànlá Tí Afẹ́fẹ́ Fi Dínkù

Baba Afura ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn yín bóyá ẹnì kan ló rán yín wá. Kódà, ó máa ń ka kóró ṣúgà inú agolo rẹ̀ kó tó lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá a ṣeré o. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń wọn èémí ilẹ̀ ní oko ìjọba, kò sì ní ohun mìíràn tó lè nàka sí pé iṣẹ́ ọwọ́ òun láyé nìyí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ń mí. Bí wọ́n bá da ajílẹ̀ sóko, afẹ́fẹ́ kan máa ń rú jáde látinú ilẹ̀. Kò lóòórùn, kò ṣeé fojú rí, ó sì wà lára àwọn tó ń mú ayé gbóná. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Baba Afura á da garawa mẹ́rin dojú dé ilẹ̀, á dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á fi síríńjì fa afẹ́fẹ́ tó kó jọ sábẹ́ wọn, á sì tì í sínú ìgò kéékèèké. Yàrá àyẹ̀wò làwọn ìgò náà ń lọ. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Onígò, á fi ẹ̀rọ yẹ̀ wọ́n wò, á kọ iye tó bá rí sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á wá kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn oko mìíràn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tí ilẹ̀ oko gbogbo orílẹ̀-èdè ń tú jáde ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dínkù láti ọdún dé ọdún.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n lẹ bébà ńlá kan mọ́ ògiri. Ìlà pupa kan wà lára rẹ̀ tó ń fi iye afẹ́fẹ́ tí ilẹ̀ oko wọn ń tú jáde hàn. Ọdún mọ́kànlá ló fi lọ gbọọrọ lókè, lẹ́yìn náà ló já wálẹ̀ lójijì, kò sì gòkè mọ́ fún ọdún mọ́kànlá mìíràn. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ilẹ̀ oko yìí ti ṣe dáadáa. Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́.

Baba Afura nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Iye àpò ajílẹ̀ tí wọ́n ń dà sóko kò yí padà, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dà á. Àgbàdo náà ni wọ́n ṣì ń gbìn. Kí ló wá gbé afẹ́fẹ́ mì? Ó fi ìka ka ọdún padà sẹ́yìn. Ọdún tí ìlà náà já wálẹ̀ gan-an ni wọ́n gba Onígò síṣẹ́!

"Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé. Ìyàwó ò lè dáhùn, nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa àìsàn náà níbi iṣẹ́. Baba Afura rò pé bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kó lọ sinmi nílé, wọ́n á sì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣọ́ Onígò. Ó so òwú mọ́ ọrùn ìgò kó lè mọ̀ bí wọ́n bá ṣí i lọ́nà. Bí Onígò bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù, Baba Afura ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Níkẹyìn, ó kọ lẹ́tà sí olú ọ́fíìsì pé ọkùnrin náà ń kọ ohun tó wù ú, kí wọ́n lé e kó tó ba ọdún méjìlélógún òun jẹ́.

Wọ́n rán obìnrin ayẹ̀wéwò kan wá. Odindi àárọ̀ ló fi yẹ ẹ̀rọ àti ìwé wò, kó tó pe àwọn méjèèjì jókòó. Ó gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì, níbi tí Onígò ti lè kà á tán.

"Bàbá, aago mélòó lẹ máa ń wọn ilẹ̀?"

"Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀." Inú rẹ̀ dùn, ohun tó dá a lójú ni wọ́n bi í. "Mi ò pẹ́ rí."

"Ọ̀sán ló wà nínú fọ́ọ̀mù yìí."

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n kọ àkókò. Ilẹ̀ kì í kúkú sá lọ!"

"Kì í sá lọ, Bàbá. Ó máa ń tutù ni. Ilẹ̀ tó bá tutù, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde kì í pọ̀. Ìgbà tí oòrùn bá pa á ló ń pọ̀. Ìgbà wo lẹ ti ń lọ láàárọ̀?"

Baba Afura kò ní láti rò ó. Ó mọ ọjọ́ náà.

"Ó ti di ọdún mọ́kànlá. Ìyàwó mi ṣubú ní balùwẹ̀, kò lè dá jókòó mọ́. Ọmọ wa ló ń dúró tì í láàárọ̀, aago mọ́kànlá lòun náà ń lọ síbi iṣẹ́. Èmi ni mo máa ń lọ gbé e dìde lọ́sàn-án, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tètè wọn ilẹ̀."

"A máa yọ ọdún mọ́kànlá yẹn kúrò nínú ìwé," obìnrin náà sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Kò sí bá a ṣe lè lò ó."

Ìtìjú bo Baba Afura. Ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ti lọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi bà á jẹ́. Ó yíjú sí Onígò, ó ń retí èébú, ó tiẹ̀ ti ṣa èyí tó máa fi dá a padà.

Onígò wo aago ara ògiri. Ó ti kọjá aago méjìlá. "Bàbá, ta ló wà lọ́dọ̀ Mọ̀ọ́mi nílé báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ dìde. Mọ́tò mi wà níta. Àwa méjèèjì la máa jọ gbé wọn."

Títí wọ́n fi délé, Baba Afura ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, ó ń wá ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ìgbà tí Onígò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Mọ̀ọ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé a pẹ́," ni ẹkún gbọ̀n Baba Afura.