Àwọn Òwúrọ̀ Tí Mi Ò Lè Kúnlẹ̀

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ẹ̀yìn ọmọ yín torí pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, ẹ má fòyà: ìrora yẹn á lọ. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti gbà gbọ́, àmọ́ á lọ. Àwọn nǹkan mìíràn ni ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ wọn fún mi. Ta ló sọ fún mi pé màá sùn ní kúkúrú, màá jí ní gíga? Ta ló sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ sín, màá kọ́kọ́ bẹ Ọlọ́run? Ìkúnlẹ̀ wá ni baba gbogbo wọn.

Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ lójú títì. Ìbà là ń gbé. Olùkọ́ ni bàbá mi ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀jọ́. Ará Èkìtì ni wá, ìyá tó bí bàbá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Láti kékeré ni ẹ̀yìn mi ti ń wọ́, èjìká mi kan ga ju èkejì lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní Òkókómáíkò sì ń pè mí ní abuké. Èmi náà kì í dákẹ́ o. Ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, màá wo imú ẹ̀, màá wo etí ẹ̀, ibi tí mo bá ti rí tiẹ̀, ibẹ̀ ni màá ti bá a wí.

Àmọ́ ohun tó ń gbé mi ró gan-an ni ìkíni àárọ̀. Màá lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n á sì máa ki oríkì mi, láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa títí kan èmi fúnra mi. Bí wọ́n bá ṣe ń kì mí, ọwọ́ wọn á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn mi, dé ibi tó wú yẹn gan-an. Wọn kì í yẹra fún un. Tí wọ́n bá kì mí tán, ẹni tó bá wù kó máa pè mí ní abuké títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìyá àgbà ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ náà rárá. Wọ́n ní, “Ẹ fẹ́ to irin sí ọmọ lẹ́yìn? Ṣé afárá ni?” Bàbá mi bẹ̀ wọ́n títí. Ọjọ́ tí a ń lọ sílé ìwòsàn, ìyá àgbà wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí.

Nígbà tí mo fi máa padà délé, POP ti wà lára mi láti abíyá dé ìbàdí, simẹ́ńtì funfun tó le koránkorán. Dókítà ti ka òfin fún wa: kò sí títẹ̀, kò sí kíkúnlẹ̀, kò sí ọ̀kadà, ó di oṣù mẹ́fà. Ìyá àgbà jókòó ní pálọ̀. Mo dúró gbọnrangandan níwájú wọn, mo ní, “Ẹ kúulé, Màámi.” Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, “O káàbọ̀ o.” Mo ṣì dúró, mò ń retí. Kò sí ọwọ́, kò sí oríkì.

Mo wọ yàrá, mo bú sẹ́kún. Ìyá mi ní kí n dákẹ́, pé mi ò gbọdọ̀ máa gbọ̀n. “O mọ àṣà wọn,” ni wọ́n wí. “Wọn kì í ki ènìyàn lóòró.” Òótọ́ ni. Bàbá mi pàápàá, pẹ̀lú táì lọ́rùn, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó gbọ́ oríkì tiwọn. Àmọ́ ọkàn mi ò gbà. Mo rò pé ìyá àgbà ti kọ̀ mí ni, nítorí irin.

Tí a bá yọ ìyẹn kúrò, ẹ̀yin ará, mo jayé! Bàbá mi gbọ̀nà Àlàbá lọ, wọ́n gbé fáànù onídùúró wá torí ooru inú POP. NEPA ló kù tí kò gbọ́ pé ara mi ò yá. Wọ́n to pákó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń yí mi bí ẹni ń yí ìtì igi, torí èjìká àti ìdí gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi á ké “Hẹ́ẹ̀pù!” bí alábàárù tó fẹ́ gbé fíríìjì, ẹ̀rín á gbé mi, ojú egbò á sì ta mí. “Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o!” Oúnjẹ kékeré-kékeré ni mò ń jẹ, torí POP ò fàyè gba ikùn. Yíyún inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Àwọn ọmọ àdúgbò á wá kan POP náà, kó-kó-kó, èmi á dáhùn pé, “Kò sẹ́nì kankan nílé!”

Mo tún ní láti máa rìn lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo rìn dé òpó iná kìíní. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo dé ìkẹta. Aládùúgbò wa kan, ìyàwó sójà orí omi tó ń ṣiṣẹ́ ní Navy Town, rí mi lójú ọ̀nà. Mo kí wọn lóòró. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, eékún ń dùn ẹ́ ni?” Mo kan àyà mi, ó dún gbà-gbà. Wọ́n ní, “Yéè! Dìde o, ọmọ mi, dìde!” Mo kúkú wà lórí ìdúró.

Ṣùgbọ́n láràárọ̀, “O jíire” nìkan ni ti ìyá àgbà. Wọ́n á wo orí mi, wọ́n á mirí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, “Màámi, ṣé ẹ ń bínú sí mi ni? Ṣé torí irin yìí lẹ ò ṣe kì mí mọ́?”

Ẹnu yà wọ́n. “Irin wo? Ọwọ́ mi ni kò tó orí ẹ mọ́! Orí la ń gbọ́wọ́ lé ki ọmọ, ẹ wá fa tìẹ lọ sókè. Láti ọjọ́ tó o ti dé ni mo ti ń rò ó bí màá ṣe débẹ̀.”

Wọ́n dìde, wọ́n lọ fa àpótí tí ìyá mi fi ń jókòó dáná, wọ́n di irin fèrèsé mú, wọ́n sì gun àpótí náà. Ìyá mi sáré jáde tòun ti ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. “Màámi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀!” Ìyá àgbà ní, “Dákẹ́, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.” Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, oríkì sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ oríkì ilé wọn láti yàrá, wọ́n sáré wá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ìyá àgbà ní, “Dìde. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń kì.” Inú mi dùn débi pé mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń gun àpótí títí oṣù mẹ́fà fi pé. Ọjọ́ tí wọ́n gé POP kúrò, mo wọlé, mo di àga mú, mo rọra kúnlẹ̀. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń kì mí, ọwọ́ náà ń sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó dé ìbàdí mi, kò rí ibi tó wú tó ti máa ń dúró. Wọ́n tún gbé e padà sókè, wọ́n tún fà á wálẹ̀.

“Dìde, jàre,” ni wọ́n wí. “Ìdúró ẹ ló wù mí.”