Ọjọ́ Tí Àbúrò Mi Fi Ààwẹ̀ Sáré

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí koríko ṣì pọ̀ ju ògiri ilé iṣẹ́ lọ ní Ọ̀tà níbí, ilé kéú ni bàbá mi kọ́kọ́ fi mí sí. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àbúrò mi obìnrin fi jọ wà ní kíláàsì kan náà. Èmi kò mọ eré sá. Òun ló mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ eré ìdárayá wa kì í pariwo. Kí a tó sáré, á ní kí a na apá, kí a na ẹsẹ̀, kí a rọra yí pápá ká títí ara á fi móoru. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù ní ọrùn ọwọ́. Ó ní omi ara ni òógùn, ẹni tó bá ń làágùn gbọ́dọ̀ mu omi dípò rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìdíje eré sísá bọ́ sínú oṣù ààwẹ̀. Olùkọ́ ní kí ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ má sá eré ọ̀nà jíjìn. Ó bi àbúrò mi léèrè, ìyẹn ní òun kò gbààwẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé kò jẹ sààrì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì fẹnu kan nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí a ń lọ, ó ní ikùn òfìfo ló ń mú ẹsẹ̀ fúyẹ́. Mo ní irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín.

“Bọ̀dá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹun yó, ìgbà wo lẹ gba ipò kankan rí?”

Oòrùn mú. Òun ló wà níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ́ ara wọn. Ó já okùn ìparí eré, ó ṣubú, kò sì dìde.

Èrò bò ó. Obìnrin kan gbé e nàró, òmíràn ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí, ẹnì kan ń wá ṣíbí tí wọ́n á fi la eyín rẹ̀ kí wọ́n lè da omi sí i lẹ́nu. Olùkọ́ já wọ àárín wọn. Ó ní kí wọ́n má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ọ̀nà èémí ló máa gbà. Ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ igi, ó fi aṣọ tútù sí i lọ́rùn, ó lé èrò sẹ́yìn. Ó ní kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí n má fi í sílẹ̀. Mo fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, n kò rí i. Mo tún wá a. Ó wà níbẹ̀, tín-ín-rín, ó ń sá bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Àbúrò mi lajú. Olùkọ́ gbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lẹ́nu. Ó pa ètè dé.

“Mo ń gbààwẹ̀.”

Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan láàárín èrò ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, oòrùn ò ní pẹ́ wọ̀. Ojú àbúrò mi tún ti ń padé.

Ìgbà náà ni bàbá wa dé, tí wọ́n ti lọ pè ní ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ ni, tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kì í fi ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ṣeré. Ó kúnlẹ̀, ó gba ife lọ́wọ́ olùkọ́.

“Mu ún. Ọlọ́run ò ní kí o kú fún òun. Wàá gbà á san.”

Ó mu ún.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, ọjọ́ tí àbúrò mi ń san ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn, bàbá wa jí bá a jẹ sààrì, ó sì bá a gbààwẹ̀ náà títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Pápá yẹn ti di ilé ìkẹ́rùsí báyìí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé nítòsí Ṣàngó kò ní ju àgbàlá oníkọnkéré lọ. Inú ìwé làwọn ọmọ ọmọ mi ti ń kọ́ eré ìdárayá, wọ́n sì ń gba máàkì rẹ̀ dáadáa. Bàbá wọn a ti wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ lọ sí Àgbárá kí wọ́n tó jí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú lónìí, fóònù á tètè dé ọ̀dọ̀ bàbá wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni kò ní tètè dé.