Ìgò Tí Mo Gbé Jáde Lọ́jọ́ Ìsọjí

Kékeré ni mo wà, n kò tíì mọ ìwé kà, nígbà tí ìsọjí kan wọ Ìlobù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ ìsọjí tí wọ́n ń fi pátákó ńlá kéde, tí gbohùngbohùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́ ara wọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Agogo ọwọ́ kan ṣoṣo ni. Ajíhìnrere náà fi ẹsẹ̀ rìn wọ̀lú láti ọ̀nà Òṣogbo. Kò wọ bàtà. Etí aṣọ funfun rẹ̀ ti pupa nítorí erùpẹ̀. Ó dúró ní pápá tó wà láàárín àwa àti Ìfọ́n, ó lu agogo rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń ti oko bọ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, ènìyàn bí mẹ́wàá ló dúró gbọ́ ọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, pápá ti kún. Ará Ìlobù wà níbẹ̀, ará Ìfọ́n wà níbẹ̀, wọ́n jọ jókòó sórí ẹní kan náà. Kò ṣe wá ní kàyéfì. Ọmọ Ìlobù ni bàbá mi, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni ilé púpọ̀ rí.

Ọkùnrin náà kì í pariwo. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní bàbá òun máa ń sọ fún òun nípa ìsọjí àtijọ́, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ènìyàn, tí àwọn ajíhìnrere ń lọ láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú agogo àti Bíbélì, tí wọ́n ń fi omi àti àdúrà wo aláìsàn, tí àwọn ènìyàn fúnra wọn ń kó ère wọn jáde sínú iná. Ó ní Ọlọ́run ìgbà yẹn kò tíì kú. Ó ní ó kù kí àwa náà kó tiwa jáde.

N kò ní í sọ pé ẹlẹ́tàn ni. Mo rí ìyá àgbà kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé wá sí pápá yẹn, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Ojú mi ló ṣe.

Ọjọ́ Sátidé ló dá fún ohun tó pè ní ìkójáde. Gbogbo ilé ni yóò kó ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́yìn Ọlọ́run wá sí pápá, wọn yóò sì sun ún. Kì í ṣe ońdè àti ìgbàdí nìkan. Àgbo wà níbẹ̀. Oògùn òyìnbó náà wà níbẹ̀, ti hóró àti ti ìgò. Ẹni tó bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ìjọ kò gbọdọ̀ fi ìkankan pa mọ́.

Ìyá bàbá mi kò lọ. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Ẹni tó ní kí n da àgbo mi nù," ló wí, "ṣé òun ni yóò máa wá bá mi gbé ẹsẹ̀ yìí lárààárọ̀? Ẹ bá mi kí i o. Ẹ ní mo ń retí rẹ̀."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní tirẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ń gbé orin. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn obìnrin tó kù máa ń dúró dè é kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, obìnrin. Gìrì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì kí ìsọjí tó dé. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi pọ̀n ọ́n, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo, wọ́n sì fún un ní oògùn inú ìgò kékeré kan. Ìdajì ṣíbí láàárọ̀, ìdajì ṣíbí lálẹ́. Bébà funfun kan wà lára ìgò náà tí wọ́n kọ nǹkan sí. Kò sí ẹni tó lè kà á nílé wa. Ìyá mi so òwú pupa mọ́ ọrùn ṣíbí tó ń lò fún un, kí ẹnikẹ́ni má baà fi rokà. Láti ìgbà tó ti ń mu ún, gìrì kò padà wá.

Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú ìkójáde, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń jẹ àgbàdo sísun. Ìyá mi wọlé. Kò rí mi. Ó fi gèlè àlòkù kan wé ìgò náà, ó tì í sínú ìkòkò èlùbọ́, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ èlùbọ́ lé e lórí. Lẹ́yìn náà ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí a dé pápá lọ́jọ́ kejì, àwa ọmọdé ni ajíhìnrere kọ́kọ́ pè síwájú. Bó ṣe máa ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn. Ó ní àgbà lè gbàgbé nǹkan sílé, ṣùgbọ́n ọmọdé mọ ibi gbogbo nínú ilé.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí, "kí ló kù nílé?"

Ọmọbìnrin kan ní ońdè bàbá òun kan wà ní àjà. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Bàbá ọmọ náà rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó sáré lọ mú un wá. Ajíhìnrere gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó súre fún un títí. Mo ń wo ọwọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó gbé ọwọ́ lé mi lórí báyẹn rí. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, oko ló sì máa ń wà.

Mo sáré lọ sílé. Mo tú ìkòkò èlùbọ́. Nígbà tí mo fi padà dé, èlùbọ́ ti kun ọwọ́ mi méjèèjì dé ìgúnpá.

"Kí lèyí?" ni ajíhìnrere bi mí.

"Oògùn àbúrò mi ni, sà. Inú èlùbọ́ ni màmá mi fi í pa mọ́ sí."

Orin dákẹ́. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi sún díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Èmi ni mo ni ín, sà."

"Ẹ̀jẹ́ tí ẹ jẹ́ ńkọ́?"

"Mo jẹ́jẹ̀ẹ́, sà. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà mí."

"Ta ló fún yín lọ́mọ náà?"

"Ọlọ́run ni."

"Ṣé Ọlọ́run tó fún yín kò mọ̀ ọ́n tọ́jú ni?"

Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ lójú gbogbo ará Ìlobù àti ará Ìfọ́n, títí kan àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àbúrò mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn.

Ajíhìnrere dá ìgò náà padà fún mi. "Ìwọ lo gbé e wá," ló wí, "fi ọwọ́ ara rẹ jù ú síná."

Mo jù ú. Ó dún bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ, ó sì fọ́. Òórùn rẹ̀ dùn, ó dà bí ṣúgà tó jóná. Lẹ́yìn náà ni ajíhìnrere gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ náà wúwo, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èrò pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn. Mo gbọdọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn gan-an.

Nígbà tí a délé, ìyá bàbá mi pè mí sọ́dọ̀.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá."

Ó wò mí títí. "Lọ fọ èlùbọ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ," ló wí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gìrì padà wá. Àárọ̀ ni, bàbá mi ti lọ sóko. Ìyá mi gbé ọmọ náà pọ̀n, ó ní ó di Òṣogbo. Ó ti dé ìta. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ olórin wá bá a níbẹ̀, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní ìdánwò ni. Wọ́n ní ìgò tó fi pa mọ́ lọ́jọ́sí ló fà á, kí ó má tún kùnà lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá mi wo ojú ọ̀nà, ó wò wọ́n, ó wo èmi. Lẹ́yìn náà ó padà wọlé, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ajíhìnrere ní Ìfọ́n, níbi tó ti ń wàásù.

Ó sáré wá. Mo rí i tó ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà, ó di aṣọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan. Ó wọ́n omi sí àbúrò mi lára, ó gbàdúrà, òógùn bò ó. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọmọ náà ti dákẹ́.

Ajíhìnrere jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé wa, ó sunkún. Ó sunkún ju bàbá mi lọ. Lọ́jọ́ kejì ó kó agogo àti Bíbélì rẹ̀, ó gba ọ̀nà tó gbà wá padà lọ. Kò sẹ́ni tó lé e.

Ìyá mi kò bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi kú. Kò gbá mi létí. Kò fi bú mi bí inú bá bí i. Ì bá nà mí, ì bá sàn. Ohun tó ṣe ni pé kò kọrin mọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nídìí ọlọ. Ó kó mi lọ sí oko àwọn ènìyàn rẹ̀ ní apá Ìfọ́n, a sì pẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi di gìrìpá kí n tó wọ kíláàsì kìíní. Àwọn ọmọ tí a jọ jókòó kò ga dé èjìká mi. Bàbá ni wọ́n ń pè mí. N kò bínú. Mo fẹ́ mọ̀wé. Mo fẹ́ mọ irú nǹkan tí wọ́n máa ń kọ sára ìgò.

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ríru dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, èmi ni mo sì máa ń lọ gba oògùn rẹ̀ ní ọsibítù ní Òṣogbo. Lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó kan jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. N kò dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ìgbà tó kí nọ́ọ̀sì tó ń kọjá ni mo mọ̀ pé ajíhìnrere náà ni. Ohùn náà kò tíì yí padà.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó bi mí níbi tí mo ti wá.

"Ìlobù, sà."

"Há! Ìlobù! Mo ṣe ìsọjí níbẹ̀ rí, ó ti pẹ́. Ará Ìfọ́n náà wá. Iná jó lọ́jọ́ yẹn! Ọmọkùnrin kékeré kan gbé ìgò oògùn jáde láti inú èlùbọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú síná. Ìgbàgbọ́ ọmọ náà! Mo ti fi í wàásù kiri títí dé òkè Ọya."

"Ṣé ẹ máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, sà?"

Ó yí ojú sí mi, ó ń wá mi kiri, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

"Rárá," ló wí. "N kì í sọ ìyẹn." Lẹ́yìn náà, ó ní: "Ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó lọ, ó sì padà bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá oògùn lọ́wọ́. Mo rò pé yóò kọjá lára mi. Ó jókòó, ó na ọ̀rá náà sí mi.

"Bá mi kà á," ló wí. "Ọmọ mi kò tẹ̀ lé mi wá."

Mo kà á fún un. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Ìyàwó mi kú ní ọdún yẹn náà. Mo fún un lóògùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ tó lọ. Oògùn kò dá ikú dúró. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ayé ti yí. Àwọn ajíhìnrere ń wàásù lórí fóònù báyìí, mọ́tò ni wọ́n fi ń rìn, ọ̀pọ̀ wọn ń sọ fún ènìyàn pé kí wọ́n lọ rí dókítà. Àwọn kan ṣì ń sọ pé kí wọ́n kó oògùn dà nù. Pápá tí a ti ṣe ìsọjí ti di igbó. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, kò sẹ́ni tó ń dá oko síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tẹ́ ẹní síbẹ̀. Àwọn ọmọ tí àwọn òbí wọn jọ kọrin níbẹ̀ ń wo ara wọn lójú bí àjèjì. Ibojì àbúrò mi wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ti ìyá mi wà ní Ìfọ́n, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí n kò lè dé ibẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ṣíbí olówùú pupa náà wà lọ́wọ́ mi. Inú ẹrù ìyá mi ni mo ti rí i lẹ́yìn tó kú. Ó ti pààrọ̀ òwú rẹ̀ sí tuntun.