Ọmọ Ayò Tí Jímọ̀ Fi Igi Gbẹ́

Àbúdù pé ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin kí ó tó fọwọ́ kan dómínò. Òwú àti abẹ́rẹ́ ló ń tà lọ́jà. Kò mọ eré kankan.

Jímọ̀, ọmọ rẹ̀, ló mọ̀ ọ́n ta. Káfíńtà ni. Lójoojúmọ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta a máa ta á lábẹ́ igi dóńgóyárò kan ní àdúgbò Nukafu. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ayò dómínò yìí kò jẹ́ kó wá bá bàbá rẹ̀ palẹ̀ mọ́ lọ́jà, òjò sì ba òwú jẹ́. Nígbà tí Jímọ̀ délé, Àbúdù já àpótí ayò gbà, ó sọ ẹyọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ bà sí àgbàrá. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín wọn.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni ọkọ̀ pa Jímọ̀ lọ́nà Baguida. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Àbúdù kírun Àsárì tán, ó lọ sábẹ́ igi náà, ó jókòó sórí àga ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kọ́ mi."

Kì í ṣe ayò ló wá kọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá Jímọ̀ ti sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe létí wọn.

Norbert, ọmọ ẹ̀yà Mínà tó gbọ́ Yorùbá, ẹnìkejì Jímọ̀ nínú ayò, da ojú ayò dé, ó pò wọ́n pọ̀. "Papa, ẹ mú méje. Ojú tó bá jọra lẹ ó fi kanra. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ kan tábìlì, ẹlòmíràn á ta."

Olúwọlé onígbàjámọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, rẹ́rìn-ín. "Bàbá á kan tábìlì títí á fi ya!"

Ike funfun ni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ayò náà. Ẹyọ kan jẹ́ igi: dúbúlù-sísì, olójú mẹ́fà níhà méjèèjì. Bí a tilẹ̀ dà á dé, gbogbo ènìyàn ń rí i. Nítorí náà, kò sẹ́ni tí í mú un. Ẹni tó bá mú kẹ́yìn ló ń kàn, Jímọ̀ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àbúdù kò mọ àṣà yìí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Wọ́n wo ara wọn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni sísì ṣí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Àbúdù di igi náà mú, tó kan tábìlì. Igi náà ti dán níbi tí àtàǹpàkò Jímọ̀ máa ń wà. Níkẹyìn ayò dí, kò sẹ́ni tó rí ta mọ́. Wọ́n ka ojú tó kù lọ́wọ́ kálukú. Ti Àbúdù ló pọ̀ jù.

"Haba, Bàbá!" ni Olúwọlé wí. "Ṣé ẹ̀ ń sàba lé e ni?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni Norbert wí. "Papa, ike leléyìí náà tẹ́lẹ̀. Jímọ̀ ní ó já bọ́ lọ́wọ́ òun lọ́nà. Ó bẹ̀ wá títí, ó wá gbẹ́ igi yìí dípò."

Àbúdù fi igi náà lélẹ̀, ó yí ojú ayò náà sókè.

"Kò já bọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ sí àgbàrá."

Olúwọlé wolẹ̀. Norbert ti igi náà sí iwájú Àbúdù.

"Ẹ máa mú un lọ, Papa."

"Bí mo bá mú un lọ, kí lẹ ó fi ta?"

Ó dé fìlà rẹ̀, ó dìde, ó fi igi náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ.